Mùsùlùmí Inú Ìwé Ìròyìn àti Mùsùlùmí Àdúgbò Wa

Mo bẹ̀ yín kí ẹ fún mi ní àyè díẹ̀ nínú ìwé wa yìí, kí n lè sọ ọ̀rọ̀ kan tí ó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà tí mo ti padà dé láti Ara. Kì í ṣe láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́, bí kò ṣe pé kí a lè yẹ ara wa wò, àwa tí a ń múra láti di olùkọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ẹni tí yóò bá tan iná fún ẹlòmíràn, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ wo àtùpà ọwọ́ ara rẹ̀ bóyá epo wà nínú rẹ̀.

Nígbà tí a rán wa lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò, ilé-ìwé kan ní Ara, ní agbègbè Ẹdẹ, ni ó bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ní ọjọ́ kan, mo fẹ́ kọ́ kíláàsì karùn-ún ní ẹ̀kọ́ nípa iṣẹ́ tí àwọn ènìyàn ń ṣe. Mo gé àwòrán mẹ́fà láti inú àwọn ìwé ìròyìn àtijọ́, mo sì lẹ̀ wọ́n mọ́ páálí: nọ́ọ̀sì kan, ọlọ́pàá kan, ìyá kan tí ó ń ta ẹja, awakọ̀ kan, bàbá arúgbó kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, tí ó wé láwàní, tí ó sì mú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, àti àgbẹ̀ kan pẹ̀lú ọkọ́ rẹ̀. Mo ń na ọwọ́ sí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì ń bèèrè pé, “Irú iṣẹ́ wo ni ẹni yìí ń ṣe?” Àwọn ọmọ ń dáhùn dáadáa títí ó fi kan bàbá arúgbó náà. Ọmọkùnrin kan na ọwọ́ sókè kíá, ó ní, “Ajínigbé ni, sà.” Òmíràn ní, “Rárá o, sà, Boko Haram ni.” Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

Mo wo ẹ̀yìn, mo sì rí ọmọ kan tí mo mọ̀ pé àfáà ni bàbá rẹ̀, nítorí pé mọ́sálásí tí bàbá náà ti ń ṣíwájú ìrun kò jìnnà sí ilé tí mo wọ̀ sí. Bàbá náà a máa wé láwàní, irùngbọ̀n rẹ̀ sì ti funfun pẹ̀lú. Ọmọ yìí bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó dojú kọ ilẹ̀, kò sì gbé orí sókè mọ́ títí aago fi lù.

Kí ni èmi tí a pè ní olùkọ́ wá ṣe? Mo ní, “Ó tó, ẹ dákẹ́,” mo sì kọjá sí àwòrán àgbẹ̀. N kò mọ ohun tí mo lè sọ. Nígbà tí mo dé ilé ní alẹ́, mo wá ìyókù ìwé ìròyìn tí mo ti gé àwòrán náà, mo sì ka ohun tí a kọ sí abẹ́ rẹ̀, èyí tí sáásì mi ti gé kúrò. Bàbá náà kì í ṣe ajínigbé, kì í sì í ṣe ológun. Olùkọ́ àfẹ̀yìntì ni, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n tò láti gba owó ìfẹ̀yìntì wọn. Irú iṣẹ́ tí èmi ń kọ́ láti ṣe ni ó ti ṣe títí ó fi darúgbó.

Ohun tí ó dùn mí jù ni pé púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí ó rẹ́rìn-ín wọ̀nyí, ọmọ Mùsùlùmí ni wọ́n. Bàbá wọn, bàbá àgbà wọn, àti olùkọ́ kéwú wọn ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín, wọn kò sì mọ̀. Níbo, nígbà náà, ni wọ́n ti rí àwòrán yìí?

Dájúdájú, kì í ṣe ní àdúgbò wọn. Ẹni tí ó bá mọ Ẹdẹ àti àwọn ìlú tí ó yí i ká yóò jẹ́rìí sí èyí. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni Tìmì Hábíbù Ọlágúnjú jọba ní Ẹdẹ, ọ̀kan nínú àwọn ọba Yorùbá àkọ́kọ́ tí wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí, ẹ̀sìn náà sì fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ ṣinṣin ní ìlú náà. Síbẹ̀, àwọn ará wa Onítẹ̀bọmi rí àyè kọ́ ilé ìsìn àti ilé-ìwé sí ìlú kan náà. Ní 1946, Adétóyèṣe Láoyè, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi, gun orí ìtẹ́ Tìmì, ó sì jọba títí di 1975 lórí ìlú tí Mùsùlùmí pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ọba tí ó mọ ìlù lù, tí ó sì mọ èdè ìlù, ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. N kò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni bèèrè bóyá ìlù náà ti ṣọ́ọ̀ṣì ni tàbí ti mọ́sálásí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Tìmì Tìjání Ọládòkun Oyèwùsì, ẹni tí í ṣe Mùsùlùmí, gorí oyè. Ẹ tún wo ìdílé Adélékè ní ìlú kan náà: Ìsìákà Adélékè, tí ó di gómìnà Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní 1992, Mùsùlùmí ni, arákùnrin rẹ̀ Adédèjì, ọmọ ìjọ Adventist, ni ó dá yunifásítì tí ń jẹ́ orúkọ ìdílé wọn sílẹ̀ ní Ẹdẹ. Ọ̀ràn yìí jọ àwọn ọ̀mọ̀wé lójú tó bẹ́ẹ̀ tí Insa Nolte, Olukoya Ogen àti Rebecca Jones fi ṣe olóòtú odidi ìwé kan lórí ìbágbé àwọn ẹlẹ́sìn ní Ẹdẹ, tí a tẹ̀ jáde ní 2017.

Kì í ṣe àwọn ọba àti àwọn ọlọ́lá nìkan ni mo ń wí. Nínú agbo-ilé kan náà ní agbègbè yìí, ẹ̀gbọ́n lè máa lọ sí mọ́sálásí kí àbúrò máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Bí Iléyá bá dé, ẹran ẹ̀gbọ́n a dé inú ìkòkò àbúrò; bí Kérésìmesì bá dé, ìrẹsì àbúrò a dé inú àwo ẹ̀gbọ́n. Bí òkú bá sùn, gbogbo wọn ni yóò gbẹ́ ilẹ̀. Èyí ni ohun tí àwọn ọmọ Ara fi ojú ara wọn rí láti ọjọ́ tí a ti bí wọn.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará mi, Mùsùlùmí méjì ni ó wà. Ọ̀kan ni Mùsùlùmí àdúgbò, ẹni tí a mọ orúkọ rẹ̀, tí a mọ ìwà rẹ̀, tí a mọ ẹni tí ó jẹ ní gbèsè àti ẹni tí ó ṣe lóore. Èkejì ni Mùsùlùmí inú ìwé ìròyìn àti inú fíìmù, ẹni tí kò ní orúkọ, tí kò ní ìyá, tí kò ní iṣẹ́, àfi irùngbọ̀n àti ìbínú. Ohun tí mo kọ́ ní Ara kò ju èyí lọ: ti inú ìwé ti ń borí ti àdúgbò. Ohun tí a tẹ̀ ní dúdú lára funfun, tàbí tí ó ń rìn nínú fóònù, ti lágbára ju ohun tí ọmọ náà fi ojú rẹ̀ rí lọ. Bí àwa olùkọ́ kò bá ṣe ohun kan sí i, àwa náà yóò di alágbàsọ fún irọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí a ti ń ya àwòrán yìí. Ọ̀nà mẹ́ta ni mo rí.

Ọ̀nà kìn-ín-ní ni pípe orúkọ ẹ̀sìn ní ibi kan àti fífi í pamọ́ ní ibòmíràn. Bí ẹni tí ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì bá jalè ní Ìbàdàn, olè ni ìwé ìròyìn yóò pè é. A kì í rí i kí a kọ ọ́ gàdàgbà pé Onígbàgbọ́ kan jalè. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ó ṣẹ̀ bá jẹ́ Mùsùlùmí, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹ̀sìn rẹ̀ tàbí aṣọ rẹ̀ ń ṣáájú ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ nínú àkọlé ìròyìn. Ẹ kíyè sí i pé ó lè má sí irọ́ kan ṣoṣo nínú irú ìròyìn bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin náà jalè lóòótọ́, Mùsùlùmí ni lóòótọ́. Inú bí a ti ṣa ọ̀rọ̀ ni irọ́ náà wà. Ẹni tí ó bá ka irú rẹ̀ ní ìgbà ọgọ́rùn-ún yóò gbàgbọ́ pé ẹ̀sìn náà ni ó jalè.

Ọ̀nà kejì ni ìkánjú. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹrin ọdún 1995, bọ́ǹbù wó ilé ìjọba kan ní Oklahoma City ní Amẹ́ríkà, ó sì pa ènìyàn 168. Kí a tó rí ẹni tí ó ṣe é ni ọ̀pọ̀ oníròyìn ti ń tọ́ka sí àwọn ará Ìlà-Oòrùn, pé ọwọ́ Mùsùlùmí ni ó jọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Timothy McVeigh ni a mú, ọmọ Amẹ́ríkà gan-an, tí ó ti ṣe ọmọ ogun fún orílẹ̀-èdè náà. Ní ọjọ́ 22 oṣù keje ọdún 2011, a tún pa ènìyàn 77 ní Norway. Ìwé ìròyìn ńlá kan ní Lọ́ńdọ̀nù gbé e sí ojú ewé àkọ́kọ́ pé iṣẹ́ al-Qaeda ni. Ọmọ Norway kan tí ó kórìíra àwọn Mùsùlùmí ni ó ṣe é. Àwọn àgbà wa wí pé agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá ni àgbà òṣìkà. Kí ni a óò wá pe ẹni tí ó dá ẹjọ́ láì tilẹ̀ gbọ́ ti ẹnì kan? Bí a bá sì ṣe àtúnṣe ìròyìn lẹ́yìn náà, igun kékeré ni a ń fi í sí, ṣùgbọ́n ìró àkọ́kọ́ ti lọ yí ayé ká. Ẹyin ni ọ̀rọ̀. Bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́.

Ọ̀nà kẹta ni fíìmù. Jack Shaheen, ọ̀mọ̀wé kan ní Amẹ́ríkà, wo fíìmù tí ó ju 900 lọ nínú èyí tí àwọn ará Lárúbáwá ti hàn, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 2001. Nǹkan bí 12 péré ni ó rí tí ó fi wọ́n hàn ní ènìyàn rere. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe bú Amẹ́ríkà nìkan. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ fíìmù Yorùbá tí a ń wò nílé, nígbà wo ni àfáà ń yọjú? Nígbà tí ẹnì kan bá fẹ́ pa orogún rẹ̀, tàbí tí ó bá fẹ́ owó òjijì. Àfáà yóò jókòó lórí ẹní awọ, yóò máa ka tẹ̀sùbáà, yóò kọ nǹkan sí wàláà, yóò gba owó, yóò sì rẹ́rìn-ín sínú irùngbọ̀n rẹ̀. N kò sọ pé kò sí irú àfáà bẹ́ẹ̀. Ó wà, àwọn Mùsùlùmí tòótọ́ ni ó sì ń kọ́kọ́ bá a wí. Wòlíì èké náà wà lọ́dọ̀ tiwa, fíìmù kò sì fi í pamọ́. Ṣùgbọ́n kí fíìmù náà tó parí, pásítọ̀ òtítọ́ kan yóò dé láti fi òtítọ́ hàn. Ìgbà mélòó ni àfáà òtítọ́ ń dé? Níbo ni àfáà tí ń jí ní ìdájí láti kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní alífábéètì Lárúbáwá wà, tàbí èyí tí ń parí ìjà tọkọtaya, tàbí èyí tí a ń lọ kàn ilẹ̀kùn rẹ̀ ní òru láti wá wẹ òkú tálákà? Àwọn wọ̀nyí ni ó pọ̀ ní Ẹdẹ àti ní Ara, àwọn ni a kò sì rí nínú àwòrán.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò dìde, yóò sì bi mí pé: “Ṣé irọ́ ni pé àwọn Boko Haram ń pa ènìyàn? Ṣé irọ́ ni pé wọ́n jí àwọn ọmọbìnrin 276 gbé ní Chibok ní ọjọ́ 14 oṣù kẹrin ọdún 2014?” Kì í ṣe irọ́. Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wọ̀nyí ni ó jẹ́ ọmọ ìjọ, ẹkún wọn sì jẹ́ ẹkún wa. Ẹni tí ó bá ní kí a má sọ ọ́, ọ̀tá òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n òtítọ́ náà kò parí síbẹ̀. Ní òpin oṣù karùn-ún ọdún 2014 kan náà, àwọn ènìyàn wọ̀nyí pa Ìdrísà Timta, Ẹ́míà ìlú Gwoza, ẹni tí í ṣe Mùsùlùmí. Ní ọjọ́ 28 oṣù kọkànlá, ní ọjọ́ Jímọ̀, wọ́n ju bọ́ǹbù sí àárin àwọn tí ń kírun ní mọ́sálásí ńlá tí ó wà lẹ́bàá ààfin Ẹ́míà Kano, wọ́n sì yìnbọn sí àwọn tí ń sá lọ. Ó ju 100 ènìyàn lọ tí ó kú. Àwọn tí ó kú wọ̀nyí náà wé láwàní. Àwọn náà mú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Bí ọmọ kan bá rí láwàní tí ó rántí apànìyàn nìkan, tí kò rántí ẹni tí a pa, ìdajì òtítọ́ ni a fi kọ́ ọ, ìdajì tí ó kù ti di irọ́.

Ẹ sì jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ náà sí ọrùn ara wa wò. Joseph Kony ti Ùgáńdà wí pé òun fẹ́ fi Òfin Mẹ́wàá ṣàkóso ilẹ̀ náà. Ẹgbẹ́ ogun rẹ̀ jí ọmọdé ẹgbẹẹgbẹ̀rún gbé, wọ́n sì gé ẹnu àti etí àwọn ènìyàn. A kò pe àlùfáà ìjọ wa kan jáde rí pé kí ó wá jíhìn fún Kony. Kò sí ọmọ kan ní Ara tí yóò rí bàbá tí ó gbé Bíbélì mọ́ àyà tí yóò wí pé, “Kony ni, sà.” Ojú rere tí a ń fi wo ara wa yìí ni mo bẹ̀bẹ̀ fún nítorí ọmọnìkejì wa. Òṣùwọ̀n kan ni kí a fi wọn gbogbo ènìyàn.

Ǹjẹ́ kí ni àwòrán yìí ń ṣe ní ayé? Bí ó bá jẹ́ ẹ̀rín lásán ni, ǹ bá máà fi í yọ yín lẹ́nu. Ṣùgbọ́n àwòrán èké a máa bí ọmọ, ọmọ rẹ̀ a sì máa jẹ́rìí fún un. Ẹ wo ìtàn àwọn ilé-ìwé tiwa. Nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì dá ilé-ìwé sílẹ̀ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ó di àṣà ní ibi púpọ̀ pé kí ọmọ Mùsùlùmí tí ó bá wọlé gba orúkọ mìíràn: Sùlèmánù di Solomon, Yúsúfù di Joseph, Músá di Moses. Púpọ̀ nínú wọn ni ó sì fi ẹ̀sìn bàbá wọn sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ náà. Àwọn òbí Mùsùlùmí rí èyí, ẹ̀rù bà wọ́n, ọ̀pọ̀ sì fa ọmọ wọn sẹ́yìn. Nígbà náà ni a wá wí pé, “Ẹ kò rí i? Ìmàle kò fẹ́ràn ìwé.” Àwa ni a ti ilẹ̀kùn, àwa náà ni a sì tún ń bú ẹni tí kò wọlé.

Bẹ́ẹ̀ ni ìwé kì í ṣe àjèjì sí wọn. Ọmọ ilé-kéwú ti ń kọ wàláà ní ilẹ̀ Yorùbá kí ilé-ìwé wa àkọ́kọ́ tó dé. Nígbà tí a ṣí ilé-ìwé ìjọba fún àwọn ọmọ Mùsùlùmí ní Èkó ní 1896, àti nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ ní Èkó ní 1923, a rí i pé ìwé kọ́ ni wọ́n sá fún. Pípadánù ọmọ wọn ni wọ́n sá fún. Ní 1952, Ṣéèkì Ádámù al-Ilori dá ilé ẹ̀kọ́ Lárúbáwá sílẹ̀, èyí tí ó wá di Markaz tí ó gbajúmọ̀ ní Agége. Ní Òṣogbo tí ó sún mọ́ wa, àwọn Mùsùlùmí ti ní yunifásítì tiwọn, Fountain, láti 2007. Síbẹ̀ àwòrán àtijọ́ náà kò tí ì kú. Mo jẹ́wọ́ níwájú yín pé, nígbà tí mo kọ́kọ́ gba ìwé orúkọ kíláàsì mi ní Ara, mo ti yan àwọn tí mo rò pé wọn yóò mọ ìwé nínú ọkàn mi, láti inú orúkọ wọn nìkan. Ìdánwò ọ̀sẹ̀ kejì dójú tì mí.

Ibi tí olùkọ́ kò bá retí nǹkan, kì í fi aápọn gbin nǹkan síbẹ̀. Ọmọ tí ó gbọ́ lójoojúmọ́ pé irú bàbá òun ni ẹni ìtìjú, yóò ṣe ọ̀kan nínú ohun méjì: yóò kọ bàbá rẹ̀, tàbí yóò kọ ilé-ìwé. Ọmọ Onígbàgbọ́ tí ó jókòó tì í náà kò jèrè, nítorí pé a ti fi ẹ̀rù aládùúgbò kún inú rẹ̀. Ní ọjọ́ tí èdè-àìyédè bá dé, ẹ̀rù náà ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

A rí èyí ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wa ní 2016. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹfà ọdún náà, Adájọ́ Jídé Fálọlá ti Ilé Ẹjọ́ Gíga dájọ́ pé àwọn ọmọbìnrin Mùsùlùmí lè lo híjáàbù ní àwọn ilé-ìwé ìjọba ìpínlẹ̀ náà. Láìpẹ́ sí i, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan wọ aṣọ akọrin àti aṣọ ìsìn lọ sí Baptist High School ní Ìwó, àwòrán wọn sì tàn ká gbogbo orílẹ̀-èdè. Ohun tí ó wà nídìí ọ̀ràn náà jinlẹ̀. Ìjọ ni ó kọ́ irú àwọn ilé-ìwé bẹ́ẹ̀. Ìjọba gbà wọ́n ní àwọn ọdún 1970. Ta ni ó wá ní àṣẹ lórí aṣọ tí ọmọ yóò wọ̀ níbẹ̀? Ìbéèrè òfin àti ti ẹ̀rí-ọkàn ni, ìdí sì wà lẹ́yìn ẹnu ìhà méjèèjì. Nígbà tí Ilé Ẹjọ́ Tí Ó Ga Jù Lọ dájọ́ lórí irú ọ̀ràn kan náà láti Èkó ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà ọdún 2022, tí ó fi àyè gba híjáàbù, àwọn adájọ́ fúnra wọn kò fi ẹnu kò sí ibì kan náà. A lè fara mọ́ ọn, a sì lè ṣàìfara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ibi tí mo ti ka ọ̀rọ̀ Ọ̀ṣun nígbà náà, kì í ṣe ìbéèrè yìí ni mo kà. Ogun ni mo kà. Ọmọbìnrin kékeré tí ó da aṣọ borí ti di ọmọ ogun tí ó wá gba ìpínlẹ̀. Ẹni tí ó bá ti ní àwòrán apànìyàn lọ́kàn tẹ́lẹ̀, báwo ni yóò ṣe rí ọmọ kékeré níwájú rẹ̀?

Ẹnì kan lè wí pé àwọn Mùsùlùmí náà ní àwòrán èké tiwọn nípa wa. Lóòótọ́ ni. Àwọn kan nínú wọn gbàgbọ́ pé ọ̀mùtí ni gbogbo wa, àti pé gbogbo ilé-ìwé míṣọ́nnárì jẹ́ pàkúté. Kí àwọn olùkọ́ tiwọn bá wọn sọ ọ́. Ọgbà tiwa ni a fún àwa láti ro.

Bí a bá sì ń wá àpẹẹrẹ, kò jìnnà. Àwọn bàbá wa nínú Ìgbàgbọ́ kò gbọ́ ti Mùsùlùmí láti ẹnu ẹlòmíràn nìkan. Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther bá wọn jókòó, ó bá wọn sọ̀rọ̀ pẹ̀lú sùúrù, ó sì yẹra fún ìjiyàn kíkorò. Ìwé kékeré tí ó kọ lórí ìrírí yìí jáde ní 1892, lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ẹni tí ó sì túmọ̀ Kùránì sí èdè Yorùbá, tí a tẹ̀ jáde ní Èkó ní 1906, àlùfáà ìjọ ni, Ẹni-ọ̀wọ̀ M. S. Cole. Ó fẹ́ kí àwọn ènìyàn mọ ohun tí ó wà nínú ìwé náà gan-an kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ lé e lórí. Bí ẹni tí ó ń wàásù ìgbàgbọ́ mìíràn bá lè ṣe wàhálà tó báyìí kí ó má baà jẹ́rìí èké, kí ni àwáwí tiwa?

Mo fẹ́ dábàá ohun mẹ́rin, kí n tó jókòó. Èkíní, kí a pe ọmọ kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, kí a sì kọ́ bí a ti ń pè é dáadáa. Èkejì, kí a máa ka ìwé ìròyìn pẹ̀lú àwọn ọmọ kíláàsì gíga, kí a sì kọ́ wọn láti bèèrè pé: “Bí ẹni yìí bá jẹ́ ẹlẹ́sìn mìíràn, ṣé a ó kọ ẹ̀sìn rẹ̀ síbẹ̀? Ta ni a kò gbọ́ ohùn rẹ̀ níhìn-ín?” Ẹ̀kẹta, kí a tún eré ìparí sáà wa ṣe. Ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ fún ara wa: ní ọdún tí mo ti lò níhìn-ín, kò sí eré kan tí àfáà wà nínú rẹ̀ tí kì í ṣe ọ̀jẹun tàbí oníjìbìtì. Èmi fúnra mi ti lẹ irùngbọ̀n òwú rí, mo sì ti gba àtẹ́wọ́ nítorí rẹ̀. N kò ní lẹ̀ ẹ́ mọ́. Ẹ̀kẹrin, kí ẹnikẹ́ni tí a bá rán lọ sí ìlú tí Mùsùlùmí pọ̀ kọ́kọ́ lọ kí Lèmọ́mù ìlú náà, bí ó ti ń lọ kí ọba àti pásítọ̀. Olúwa wa fúnra rẹ̀, nígbà tí ó fẹ́ fi ọmọnìkejì hàn, ará Samáríà ni ó mú nínú ìtàn rẹ̀, ẹni tí àwọn tí ń gbọ́ ọ kò fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀ sí rere.

Ní ọjọ́ kejì ní Ara, mo gbé páálí náà padà wọ kíláàsì, mo sì ti lẹ ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán náà padà sí ààyè rẹ̀. Mo pe ọmọ àfáà náà jáde kí ó wá kà á sókè. Ó kà á díẹ̀díẹ̀: olùkọ́ àfẹ̀yìntì. Kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín. Ọmọ tí ó kọ́kọ́ pe bàbá náà ní ajínigbé wá na ọwọ́ sókè, ó bèèrè pé, “Sà, kíláàsì wo ni ó ń kọ́?” Mo ní n kò mọ̀, a kò kọ ọ́ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè rere ni, ẹni tí ó bá sì lè bèèrè rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í rí ènìyàn nínú àwòrán.

Kí Ọlọ́run ọba fún wa ní ojú tí ń ríran àti ahọ́n tí kì í jẹ́rìí èké. Àmín.